Ta Ni Yóò Fẹ́ Awakọ̀ Òfurufú?

Ọ̀sán gangan ni obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, bó sì ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni àwọn tó ń ta ìrẹsì ní òpópónà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ nigínnigín ló wọ̀ sórí ṣòkòtò dúdú. Ilà aláwọ̀ wúrà mẹ́ta wà lórí èjìká rẹ̀ lọ́tùn-ún, mẹ́ta wà lósì. Ó fi ìborùn dúdú wérí, ó wé e mọ́ ọrùn dáadáa, ó sì ń wọ́ àpótí kékeré kan lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú táyà àpótí náà ti yọ, ó sì ń ha ilẹ̀ bọ̀. Ní Ọjà'ba, ẹni tó bá múra báyẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ìrẹsì òkè òkun ló sì máa ń wá.

Sàídì oníìrẹsì ló kọ́kọ́ rí i. Kò pariwo. Ó kàn fa tapólì bo àwọn àpò tó wà níta, ó sì wọ inú ìsọ̀ lọ. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìrẹsì tó ń wọ̀n fún oníbàárà sílẹ̀ nínú kóńgò, ó ní òun fẹ́ lọ kírun, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kankan kò tíì tó. Kí aláṣọ funfun náà tó dé ìdajì òpópónà, ibẹ̀ ti pa rọ́rọ́.

Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì wà ní ṣíṣí, ti Abdulmajeed. Báàgì àti àpótí ló ń tún ṣe, iṣẹ́ awọ tí bàbá bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ọkùnrin tó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń rùn gọ́ọ̀mù.

Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń tún àpótí ṣe."

Abdulmajeed wo àwọn ilà èjìká náà, kó tó gbójú sókè wo ojú rẹ̀. "Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò ta ìrẹsì o."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ̀ ń ta ìrẹsì."

"Mo kàn ní kí n tètè sọ ọ́ ni."

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ó rí àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó rí ojú kan tó ń yọjú láti inú àlàfo pákó. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó pẹ́ kí Abdulmajeed tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín.

"Wọ́n rò pé kọ́sítọ́ọ̀mù ni mí?"

"Ṣé ẹ kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù ni?"

"Rárá o. Bàálù ni mò ń wà."

Abdulmajeed gbé àpótí náà sórí itan, ó ń wo ibi tí táyà ti já. Kò gbà á gbọ́. Ó ti rí oríṣiríṣi èèyàn tó wá purọ́ fún un níwájú ìsọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ eléyìí ga ju ti gbogbo wọn lọ.

"Ọmọ ibo ni yín?" ló bi í.

"Bẹyẹrúnkà."

"Ọmọ Bẹyẹrúnkà ló ń wa bàálù."

"Ṣé ó burú ni?"

"Kò burú. Mo kàn ń gbọ́ ọ ni."

Ó gún awọ, ó rán an, ó fi táyà mìíràn sí i, ó sì wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ níwájú ìsọ̀ kí obìnrin náà lè rí i. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, obìnrin náà bi í bóyá kò ní tún yọ.

"Bó bá yọ, ẹ gbé e padà wá," ni Abdulmajeed wí. Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí kò bá yọ náà, ẹ ṣì lè gbé e wá."

Obìnrin náà wò ó dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì lọ. Lẹ́yìn tí ọ̀kadà rẹ̀ ti yí kọ́nà ni àwọn ilẹ̀kùn ṣí níkọ̀ọ̀kan. Sàídì sáré wá.

"Kí ló bi ọ́?"

"Àpótí ló ní kí n tún ṣe. Ó ní awakọ̀ òfurufú lòun."

Sàídì pòṣé. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wo ilẹ̀." Ó gbé ìrẹsì rẹ̀ pamọ́ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.

Obìnrin náà padà wá. Àpótí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

"Táyà ńkọ́?" ni Abdulmajeed bi í.

"Kò yọ."

"Kí lẹ wá ṣe nígbà náà?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá bí kò bá yọ." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Sẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Òtítọ́ ló sọ, bàálù ló ń wà lóòótọ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ náà lókè Ọya, ilẹ̀ tí bàbá náà fẹ́ kọ́lé sí ló sì tà san owó rẹ̀. Bàbá kú kó tó rí ọmọ rẹ̀ lófurufú. Ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kù fún un ní Bẹyẹrúnkà. Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń sùn bí kò bá sí níbi iṣẹ́.

Abdulmajeed bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Bí ó bá rí aṣọ funfun kan lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí abẹ́rẹ́. Ó sọ ọ́ ní "Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù." Òun náà ń pè é ní "Oníbáàgì mi," nígbà tó sì yá, wọ́n yọ "ẹ" kúrò láàárín ara wọn.

Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kò fọkàn tán an bọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn ti wá fẹ́ ẹ kí Abdulmajeed tó dé. Ọ̀kan béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lọ sí Àbújá kí wọ́n tó mọra wọn dáadáa. Òmíràn ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, ó gbé e kiri orí fóònù, nígbà tó sì rí i pé ọ̀kadà ni Sẹ̀gilọlá ń gùn lọ sílé, ó sá lọ.

"O ò tíì bi mí iye tí wọ́n ń san fún mi," ló sọ fún Abdulmajeed lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tirẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Gbogbo yín lẹ máa ń béèrè."

"Èmi, ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé kí lo máa ń rí lókè yẹn."

Sẹ̀gilọlá gbójú sókè wo òfurufú. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn rí. "Bí a bá gba orí Ìbàdàn kọjá, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo máa ń wá ilé wa láàárín rẹ̀. Mi ò rí i rí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí mo bá jókòó síbẹ̀, Màjíìdì, gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú máa ń dákẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀."

"O ti ṣàlàyé ẹ̀," ni Abdulmajeed wí.

Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àlájà, ìyá Abdulmajeed, ń ta ẹní àti tẹ̀sùbáà ní Bẹẹrẹ. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà ń ṣe, ó gbé tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bó bá lọ síbi iṣẹ́, níbo ló ń sùn?"

"Ibi tí ilé iṣẹ́ bá fi wọ́n sí ni, Màámi."

"Ilé ni àbí hòtẹ́ẹ̀lì?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni."

"Òun nìkan?"

"Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"O ti dé yàrá náà rí?"

Àlájà tún gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Bàbá rẹ náà sọ fún mi pé inú ọkọ̀ lòun ń sùn."

Kò ní láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ agbépo ni bàbá Abdulmajeed ń wà jákèjádò ilẹ̀ Hausa kó tó kú. Kí wọ́n tó ṣe fìdáù rẹ̀ tán ni obìnrin kan ti Jẹ́bà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí imú wọn jọ ti olóògbé gẹ́lẹ́. Àlájà tẹ́ ẹní fún wọn, ó fún wọn lóúnjẹ, kò sì sunkún níwájú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó bá ń gbé èèyàn sùn níta, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Abdulmajeed kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ wọ òun létí, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwọn ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Sẹ̀gilọlá pè é, ó ní Sókótó lòun wà. Láàárín ọ̀rọ̀ wọn, Abdulmajeed gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan lẹ́yìn tó ń kígbe pé "Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá!" Ó ro ó títí di ọjọ́ kejì. Ṣé kọ̀ńdọ́kítọ̀ Ìbàdàn wà ní Sókótó ni?

Kò bi í. Ó bẹ̀rù ohun tó máa gbọ́.

Sàídì ló wá parí ọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń yí kóńgò kékeré kan lọ́wọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi o. Mo lọ gbé ọjà fún oníbàárà ní Òkè-Àdó lánàá. Mo rí awakọ̀ òfurufú rẹ. Ilé onígéètì dúdú kan ló wọ̀. Bàbá kan ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì bá a gba báàgì."

"Lánàá? Sókótó ló wà lánàá."

Sàídì kàn ń yí kóńgò náà.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá tún ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, Abdulmajeed ti ìsọ̀, ó lọ dúró sí ìtòsí Bẹyẹrúnkà. Ó rí i tó jáde nínú aṣọ funfun rẹ̀, tó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, tó sì wọ takisí. Abdulmajeed gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Ojú ń tì í bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n kò ní kí ọlọ́kadà dúró.

Takisí náà kò lọ sí ọ̀nà Èkó, níbi tó ti máa ń lọ wọ bàálù. Òkè-Àdó ló lọ, sí ilé onígéètì dúdú kan nítòsí pápá ìṣeré. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló ṣílẹ̀kùn. Abdulmajeed lọ jókòó sórí táyà níwájú fọkanáísà kan lódìkejì ọ̀nà. Oòrùn kúrò ní apá kan, ó bọ́ sí apá kejì. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ ń yí lọ yí bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí géètì tún ṣí, bàbá náà fọwọ́ kan Sẹ̀gilọlá léjìká bó ṣe ń sìn ín jáde. Abdulmajeed dìde. Ìgbà yẹn ni Sẹ̀gilọlá rí i.

Ó sọdá wá bá a, wéréwéré. "O tẹ̀ lé mi."

"O ní ibi iṣẹ́ lò ń lọ."

"O tẹ̀ lé mi, Màjíìdì."

"O ní Sókótó lo wà lọ́jọ́sí. Mo gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Dùgbẹ̀. Ta ni bàbá yẹn?"

Sẹ̀gilọlá wo aṣọ ara rẹ̀, ó wo àwọn ilà wúrà èjìká rẹ̀, bí ẹni pé òun kọ́ ló wọ̀ wọ́n. "Kò síbi iṣẹ́ kankan. Bàálù ilé iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ tán, ọ̀kan péré ló kù tó ń fò, àwọn àgbà ló sì ń wà á. Wọ́n ní kí àwa tó kù lọ dúró sílé ná. Ó ti tó oṣù mẹ́rin."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà rò pé mo ṣì ń fò. Bàbá mi kò kọ́lé nítorí iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìdí àdògán ni mo jókòó sí? Ìwọ náà, aṣọ yìí lo kọ́kọ́ rí kó o tó rí ojú mi. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì lo fẹ́."

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Kápíténì Adégòkè ni. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń múra mi sílẹ̀ fún ìdánwò ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìyàwó wọn wà nínú ilé, oúnjẹ wọn ni mo jẹ lọ́sàn-án yìí." Ó wò ó lójú. "Kí lo rò? O rò pé àlè mi ni?"

Ó yẹ kí Abdulmajeed tètè sọ pé rárá. Kò tètè sọ ọ́. Sẹ̀gilọlá sì rí i.

"Máa lọ sílé, Abdulmajeed," ló wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ báyẹn rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Abdulmajeed ń rán awọ, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó padà sí Òkè-Àdó, ó kan géètì dúdú náà.

Kápíténì Adégòkè ló ṣí i, ṣùgbọ́n kò ṣí i tán. "Ìwọ lo jókòó sọ́dọ̀ fọkanáísà lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ajínigbé ni ọ́. Díẹ̀ ló kù kí n pe ọlọ́pàá."

"Ẹ máà bínú, sà. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ Sẹ̀gilọlá."

"Ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó nísinsìnyí? Orí táyà ni wọ́n ń jókòó sí?"

Abdulmajeed dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó sì jẹ́ kó wọlé. Wọ́n jókòó sí fàráńdà. Abdulmajeed bi í ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Iṣẹ́ bàálù yìí, ṣé ó ṣì tó ohun téèyàn ń fi ayé rẹ̀ ṣe?"

Kápíténì fẹ̀yìn ti àga. "Láyé tiwa, bí mo bá wọ aṣọ yẹn kọjá, àwọn ìyá á máa pe ọmọ wọn obìnrin jáde. Nísinsìnyí, mo mọ àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ náà yege, fóònù ni wọ́n ń tà. Bàálù ò tó. Bó o bá ríṣẹ́ náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dán ọ wò bí ọmọ iléèwé. Dókítà kan lè gbọ́ nǹkan kan nínú àyà rẹ láàárọ̀, kí gbogbo ẹ̀ parí lọ́sàn-án. Ọdún dé, o ò sí nílé. Wọ́n ń sìnkú, o ò sí nílé. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ ṣe é, mo kọ̀ fún un. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Mi ò kábàámọ̀."

Ọkàn Abdulmajeed rẹ̀wẹ̀sì. "Kí wá nìdí tẹ́ ẹ fi ń kọ́ Sẹ̀gilọlá?"

"Torí pé òun ni." Bàbá náà nawọ́ sí tábìlì tó wà láàárín wọn. "Ibí yìí la máa ń jókòó sí. Màá ní kó dijú. Màá ní ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ti kú, òjò ń bọ̀, èrò kún ẹ̀yìn rẹ. Ọwọ́ rẹ̀ á máa rìn lórí tábìlì yìí láti ibì kan sí ibì kan, kò ní sáré, kò ní gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo kọ́. Àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹlòmíràn bá bi mí, màá ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọmọ yẹn."

Ó bá a dé géètì. "Ìwọ ni kó o lọ bi ara rẹ léèrè. Ìgbà míì máa wà tí o ò ní mọ ibi tó wà. Ṣé gbogbo ìgbà náà ni wàá máa wá orí táyà jókòó sí?"

Nígbà tí Abdulmajeed délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tí Àlájà mú nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó mú.

"Ó ń wọṣọ iṣẹ́ jáde, kò sì níṣẹ́. Ó ń tan ìyá àgbàlagbà jẹ. Ìwọ lo wá fẹ́ kó wọlé mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájà wé gèlè, ó sì forí lé Bẹyẹrúnkà. Ó fẹ́ kí Ìyá Àgbà mọ irú ọmọ tó wà nínú ilé rẹ̀. Ó bá a lábẹ́ òrùlé fàráńdà, níbi tó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n kíra wọn, wọ́n béèrè ilé àti ọ̀nà, Àlájà sì sọ ohun tó gbé e wá.

Ìyá Àgbà kò dá ọwọ́ dúró. "Mo mọ̀," ló wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀, Màámi?"

"Bó bá fò, ó máa ń pè mí bó bá ti balẹ̀. A máa ní, 'Ìyá Àgbà, mo ti dé Kánò o, oòrùn ibẹ̀ mú.' Ó ti pẹ́ tí kò ti pè mí láti ibì kankan. Bó bá jáde láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ti dé. Ṣé mi ò ní mọ̀ ni?"

"Ẹ ò wá bi í?"

"Kí n bi í kí ojú tì í? Mo jẹ́ kó máa wọ aṣọ rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ ríbi jáde lọ láàárọ̀." Ó ju òkúta kékeré kan sọ́wọ́ òsì. "Mo ń dúró kó sọ fún mi fúnra rẹ̀."

Ohùn Àlájà yí padà. "Ọkọ mi tàn mí jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Màámi. Bí mo bá ti rí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́, ọkọ mi ni mo máa ń rí."

"Mo gbọ́ ọ. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì ló gbọ́ ọ." Ìyá Àgbà ti igbá ẹ̀wà náà sí àárín àwọn méjèèjì. "Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ń fi ilé mìíràn pamọ́ fún ọ. Ọmọ tèmi, ìbànújẹ́ rẹ̀ ló ń fi pamọ́ fún mi. Jọ̀ọ́, má fi wọ́n sójú kan náà."

Àlájà fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà. Ó pẹ́ kó tó dìde níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó dúró síwájú ìsọ̀ ọmọ rẹ̀. "Lọ bá ọmọ yẹn," ló wí. "Kó o sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Sẹ̀gilọlá kò kọ́kọ́ fẹ́ jáde. Ìyá Àgbà ló ní kó máa lọ gba atẹ́gùn sára. Òun àti Abdulmajeed jọ gun òkè Màpó, wọ́n dúró síbi tí gbogbo ìlú ti hàn nísàlẹ̀ wọn. Aṣọ àǹkárá lásán ló wọ̀.

"Mo ṣe ohun tí kò dáa," ni Abdulmajeed wí. "Ó yẹ kí n bi ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé o ga jù mí lọ. Pé ẹni tó bá ń rí gbogbo ayé láti òkè, kí ló fẹ́ fi oníbáàgì ṣe? Nígbà tí Sàídì sọ ohun tó sọ, ó dà bíi pé mo ti ń retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Sẹ̀gilọlá fọwọ́ ti ògiri òkúta. "Èmi náà purọ́ fún ọ. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń sọ pé màá sọ fún ọ lọ́la. Mo ti sọ fún Ìyá Àgbà báyìí. Wọ́n kàn ní kí n lọ jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Mo yege ìdánwò náà, Màjíìdì. Bàálù akẹ́rù ni. Àbújá ni màá máa gbé, màá máa wálé bí wọ́n bá fún mi láyè. Wọn kò ṣèlérí ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní kí n wá iṣẹ́ olùkọ́ ṣe bíi ti bàbá mi."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ tìrẹ."

"Kápíténì sọ fún mi pé iṣẹ́ náà kò dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n tún sọ bí ọwọ́ rẹ ṣe máa ń rìn lórí tábìlì wọn. Mo gba ìyẹn náà gbọ́. Lọ fò, Sẹ̀gi. Bí wọ́n bá dá ọ dúró lọ́dún tó ń bọ̀, wá sílé. Bí wọn kò bá dá ọ dúró, wá sílé nígbà tí àyè bá wà."

"Bó o bá pè mí tí o ò rí mi ńkọ́?"

"Màá dúró títí wàá fi pè."

"O ò ní tẹ̀ lé mi?"

"Ọ̀kadà kì í dé ọ̀run," ni Abdulmajeed wí, Sẹ̀gilọlá sì rẹ́rìn-ín gidi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà. "Mo fẹ́ kí á so yìgì kó o tó lọ, olólùfẹ́ mi. Bó bá wù ọ́."

Atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn Sẹ̀gilọlá. "Ó wù mí," ló wí, "Oníbáàgì mi."

Mọ́sáláṣí agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n ti so yìgì náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Èrò kò pọ̀. Kápíténì Adégòkè àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àlejò. Nígbà tí lémọ́ọ̀mù dárúkọ iṣẹ́ ìyàwó, àwọn kan wo ara wọn, àwọn mìíràn sì na ọrùn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ìyá Àgbà na ọrùn tirẹ̀ náà, ó ń wo àwọn tó ń wo ọmọ rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abdulmajeed gbé àpótí fún un títí dé ibi tí ọkọ̀ Àbújá wà. Kò béèrè ọjọ́ tó máa dé. Sẹ̀gilọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sí imú, ó fa òórùn gọ́ọ̀mù náà símú dáadáa, ó sì wọ ọkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sàídì yà sọ́dọ̀ Àlájà ní Bẹẹrẹ, ó ń wo ẹní tí kò ní rà.

"Àlájà, ìyàwó yín dà?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́."

"Níbo ló máa wà lónìí?"

"Ó ní Àbújá. Bóyá Pọtá ló máa di lọ́la."

Sàídì fa etí ẹní kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ sì gbà á gbọ́."

Àlájà ká ẹní náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó sì tò ó ti àwọn yòókù.

"Mi ò tíì gbà á gbọ́ tán," ló wí. "Mò ń kọ́ bí mo ṣe máa gbà á gbọ́ ni."